Ẹni tó ń Tọ́jú Aláìsàn Náà Nílò Ìtọ́jú

Àárẹ̀ ara yàtọ̀ sí àárẹ̀ ọkàn. Ẹni tó roko láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ yóò sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ yóò tún le. Ṣùgbọ́n ẹni tí àárẹ̀ ọkàn mú a máa sùn, a sì máa jí pẹ̀lú àárẹ̀. Oúnjẹ kì í wù ú jẹ. Ọ̀rọ̀ kékeré a máa bí i nínú. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ yóò sú u.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú àárẹ̀ yìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ní wàhálà iṣẹ́ tó pẹ́ lára, tí a kò bójú tó, ló ń fà á. Ohun tó jọ ọ́ a máa mú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé pẹ̀lú.

Ẹ wo obìnrin tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti pẹ́ lórí ibùsùn. Ó ń jí lóru, ó ń fọ aṣọ, ó ń se oúnjẹ, ó sì tún ń lọ sí ọjà. Bí ó bá jágbe mọ́ ọmọ, tàbí tí ó sunkún níkọ̀kọ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹrù rẹ̀ ló wúwo jù.

Kí ni yóò ṣe? Oorun ni àkọ́kọ́: àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7, ó kéré tán, lójúmọ́. Kí ó jẹun lásìkò. Kí ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ láti rìn, láti gbàdúrà, tàbí láti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ẹni tó lè pa àṣírí mọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró ti aláìsàn nígbà náà? Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí obìnrin bá bímọ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, a kì í fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹnìkan yóò wẹ ọmọ, ẹlòmíràn yóò gbé omi kaná. Irú àánú yìí kan náà ló tọ́ sí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Kí ẹbí jókòó, kí wọ́n pín òru láàárín ara wọn. Kí ọkọ gba tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣáà ni. Kí ọmọ tó wà ní Kútọnu fi owó ránṣẹ́.

Bí àárẹ̀ náà bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, kí ẹbí má ṣe dúró di ọ̀la. Kí wọ́n mú un lọ lọ́jọ́ náà gan-an.