Pátákó wà nínú ọgbà, àga dà?

Ẹni tó bá gba Òṣòdì kọjá kí ó tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 kò ní gbàgbé: ọkọ̀, èrò àti ọjà fún mọ́ra wọn pinpin. Oṣù náà ni ìjọba Gómìnà Fáṣọlá wó ìsọ̀ ibẹ̀, tí àwọn ọlọ́jà fọ́nká. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni koríko tútù àti òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ afárá àti lẹ́bàá títì káàkiri Èkó. Ní 2011, òfin dá LASPARK sílẹ̀ láti máa bójú tó wọn.

Òdòdó kì í dá bomi rin ara rẹ̀ o. Ẹni tó ń pọnmi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò gbowó, ẹni tó ń gé koríko yóò gbowó. Ibẹ̀ ni báǹkì àti iléeṣẹ́ ńlá gbà wọlé: wọ́n ń tọ́jú ọgbà, wọ́n sì ń ri pátákó orúkọ wọn mọ́ àárín rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ojú èrò ni wọ́n ń wá, bí ìyá aláta ṣe ń to ata tó pọ́n síwájú àtẹ.

Ṣùgbọ́n télọ̀ tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? LASAA, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ń gbowó lórí irú pátákó bẹ́ẹ̀. Bí ti télọ̀ bá lówó lórí, ó yẹ kí ti báǹkì tó wà lórí ilẹ̀ gbogbo ìlú mú ju òdòdó wá. Irin yí ọ̀pọ̀ ọgbà náà ká, ojú lásán ni aláàárù fi ń wò ó.

Àga lábẹ́ igi, omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ ni obìnrin ọjà ń wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ wọn sára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gàdàgbà! Bó bá ń rùn, gbogbo ayé á mọ ẹni tó ni ín.

Kí LASPARK sì mú wọn kọ ọ́ sára pátákó kọ̀ọ̀kan: ohun tí iléeṣẹ́ náà ṣèlérí, iye àga tí wọn yóò gbé síbẹ̀, ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí. Ọjọ́ tí wọn ò bá tọ́jú ọgbà mọ́, kí wọ́n wú pátákó wọn lọ kí koríko tó gbẹ.