Ikọ̀ Ajẹ́pè-Kánkán fún Aláìsàn tí Ara Rẹ̀ Ń Burú Sí I ní Ilé-Ìwòsàn

1.0 Ìfáárà
Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ètò tí àwọn ilé-ìwòsàn kan gbé kalẹ̀ nítorí aláìsàn tí ara rẹ̀ ń burú sí i ní wọ́ọ̀dù. ‘Ikọ̀ ajẹ́pè-kánkán’ ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń sáré jẹ́ ìpè bẹ́ẹ̀. Kókó àlàyé náà ni pé ẹni tí yóò pe ikọ̀ náà ṣe pàtàkì tó ikọ̀ fúnra rẹ̀.

2.0 Ìdí Abájọ
Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé òjijì ni ọkàn aláìsàn máa ń dáwọ́ lílù dúró. Ìwádìí kan tí ó jáde láti Miami, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1990 fi hàn pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Nínú aláìsàn 64 tí ọkàn wọn dúró, àkọsílẹ̀ fi hàn pé ara àwọn 54 ti ń yí padà láàárín wákàtí mẹ́jọ tí ó ṣáájú. Àmì wà nínú ìwé. Ohun tí ó kù ni pé kí ẹni tí ó lè ṣe nǹkan sí i tètè gbọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

3.0 Bí Ètò Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́
Ní ọdún 1990 kan náà ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn Liverpool, ní Sydney, ní Ọsirélíà. Ken Hillman wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ó mọ ìtọ́jú àìsàn líle dunjú ló wà nínú ikọ̀ náà. Lára àmì tí ó tó láti pè wọ́n ni: kí aláìsàn máa mí ju ìgbà 36 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí kí ó má tó 5, kí ọkàn lù ju ìgbà 140 lọ, tàbí kí ó má tó 40, kí ìfúnpá tòkè má tó 90, tàbí kí aláìsàn ṣàdédé má dáhùn dáadáa mọ́. Èyí tí ó gbẹ̀yìn kò ní òǹkà: bí ọkàn òṣìṣẹ́ kò bá ṣáà ti balẹ̀ nípa aláìsàn, ó lè pè.

4.0 Ìṣòro Ìpè
Ìwádìí ńlá kan ní Ọsirélíà, tí ó jáde ní ọdún 2005, lo ilé-ìwòsàn 23. Wọ́n dá ikọ̀ sílẹ̀ ní 12, wọ́n fi 11 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Nígbà tí wọ́n ka iye aláìsàn tí ọkàn wọn dúró, tí wọ́n kú láìròtẹ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n gbé lọ sí yàrá ìtọ́jú àìsàn líle láìròtẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó ṣe gúnmọ́ kò sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn tí àmì ti hàn lára wọn ni ẹnikẹ́ni kò pe ikọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ ipò wà nínú èyí. Nọ́ọ̀sì tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè rò pé bí òun bá pe ikọ̀, ọ̀gá yóò sọ pé òun fojú di òun. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìlànà ìpè ló sọ ọgbọ́n ọmọdé yìí di ẹ̀tọ́. Queensland na ẹ̀tọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹbí ní ọdún 2013. Ní ọdún 2024, England bẹ̀rẹ̀ sí í lo Ìlànà Martha, tí wọ́n fi sọrí Martha Mills, ọmọ ọdún 13, tí ó kú ní ọdún 2021 lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ ti figbe ta.

5.0 Àgbálọgbábọ̀
Ikọ̀ kò lè jẹ́ ìpè tí kò dún. Níbi tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ti ń dá tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn lóru, kò ní ráyè ka mímí wọn, àmì kò sì ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí ilé-ìwòsàn tó dá ikọ̀ sílẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí i pé ẹni tí yóò ṣọ́ aláìsàn wà, àti pé ẹ̀rù kò ní bà á láti pè.