Kí ló dé tí power bank fi ń wọ bàálù lọ́wọ́ èrò, tí kì í wọ̀ ọ́ nínú ẹrù?

Gbogbo èèyàn ló ti gbọ́ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Emirates kò fẹ́ kí èrò kankan lo power bank nínú bàálù rẹ̀ mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni ìyókù ìkéde náà. Ẹ lè mú ẹyọ kan dání bí agbára rẹ̀ kò bá tó 100 Wh, ṣùgbọ́n abẹ́ àga tàbí àpò ẹ̀yìn àga iwájú yín ni kó wà, kì í ṣe inú àpótí òkè orí. Ní ti báàgì tí wọ́n ń kó sí ikùn bàálù, ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀.

Ní Ìkòròdú, ibi iléeṣẹ́ kúríà ni ọ̀rọ̀ yìí ti sábà ń di àríyànjiyàn. Ìyá kan á kó ẹrù ọmọ rẹ̀ tó wà ní London wá: aṣọ, ìwé, ẹja Ẹ̀pẹ́ tó gbẹ kanrangandan, àti power bank kan tó rà ní Sábó. Ó ti múra sílẹ̀ pé ẹja ni wọn yóò bá a fà, nítorí ó ti gbọ́ pé ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà kì í wọ ìlú Òyìnbó. Ẹja ní ìlànà tirẹ̀, ó sì lè kọjá. Power bank ni wọ́n á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹ má bínú, Mọ́mì, èyí ò gbà.” Kí ló ṣe? “Òfin ni.” Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, ìyá á sì máa rò ó títí dé ilé pé bí ọmọ òun bá wá gbé e fúnra rẹ̀, ṣebí inú bàálù kan náà ni ì bá gbé e wọ̀?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ìdáhùn rẹ̀ kò kan olè, kò kan egbòogi olóró. Ibi tí nǹkan náà wà nígbà tó bá gbiná ni gbogbo ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú bátìrì lithium wò. Apá méjì ló wà nínú rẹ̀, pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù, awọ ọ̀rá kan tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ ló sì là wọ́n láàárín. Omi kẹ́míkà tó rin gbogbo rẹ̀ gbingbin jẹ́ irú èyí tó máa ń gbiná. Níwọ̀n ìgbà tí awọ yẹn bá wà ní pípé, kò sí wàhálà. Bó bá lu, bóyá nítorí pé bátìrì já bọ́, tàbí ẹrù wúwo tẹ̀ ẹ́, tàbí ẹni tó ṣe é fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ rẹ̀, apá méjèèjì á kan ara wọn, ooru á sì bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni iná bátìrì ti yàtọ̀ sí iná igi tàbí iná kẹrosíìnì. Ooru náà á máa fọ́ kẹ́míkà inú bátìrì, kẹ́míkà tó ń fọ́ á máa mú ooru mìíràn jáde, ooru tuntun yẹn á sì tún fọ́ èyí tó kù. Nínú ọ̀pọ̀ irú bátìrì yìí, kẹ́míkà náà fúnra rẹ̀ ń tú ọ́síjìn sílẹ̀, nítorí náà dídí atẹ́gùn mọ́ iná náà kò tó láti pa á. Gáàsì tó lè gbiná, tí hydrogen wà lára rẹ̀, á tún máa ya jáde. Bí bátìrì mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ooru á ràn án, bí iná ọjà ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí èkejì. Thermal runaway ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é.

Ikùn bàálù tó ń kó èrò ní ẹ̀rọ tó ń tú gáàsì halon sórí iná. Halon ń pa ahọ́n iná, ṣùgbọ́n kì í mú nǹkan tutù, bẹ́ẹ̀ títutù ni bátìrì yìí ń fẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Omi ló ń ṣe ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi lé bátìrì tó ń rú èéfín lórí. Èyí tó wà lábẹ́ àga, wọ́n á tètè rí i. Èyí tó wà nínú páálí, tí páálí náà wà lábẹ́ ogún páálí mìíràn ní ikùn bàálù, ta ni yóò da omi sí i?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2025, iná sọ nínú àpótí òkè orí bàálù Air Busan kan ní pápákọ̀ òfuurufú Gimhae, ní Gúúsù Kòríà, kó tó gbéra. Gbogbo èèyàn 176 tó wà nínú rẹ̀ ló jáde láàyè, àmọ́ òrùlé bàálù jóná. Àwọn olùwádìí sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ power bank ló fà á. Bàálù náà ṣì wà nílẹ̀ o.

Èyí tó ti wà lójú òfuurufú kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, bàálù akẹ́rù UPS kan, Boeing 747, gbéra ní Dubai, ó ń lọ sí Cologne ní Jámánì. Bátìrì lithium tó wà láàárín ẹrù rẹ̀ ju 81,000 lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 22, agogo iná dún. Èéfín bo ibi tí àwọn awakọ̀ méjèèjì jókòó sí débi pé wọn kò rí ojú ẹ̀rọ tí wọ́n ń wò. Ẹ̀rọ ọ́síjìn ọ̀gá awakọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èkejì rẹ̀ nìkan ló gbìyànjú láti darí ọkọ̀ náà padà sí Dubai, kò sì rí ilẹ̀. Láti ìgbà tí agogo iná dún títí tí bàálù fi já, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn méjèèjì kú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlànà ń le sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ICAO, àjọ ìrìnnà òfuurufú lágbàáyé, ní kí bàálù tó ń kó èrò má ṣe gbé bátìrì lithium-ion tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹrù mọ́. Ẹ kíyè sí “tó dá dúró” yẹn. Fóònù tí bátìrì wà nínú rẹ̀ ní nọ́mbà tirẹ̀ nínú ìwé àwọn akẹ́rù, UN3481. Bátìrì lásán ń jẹ́ UN3480, ibẹ̀ ni wọ́n sì ka power bank sí, nítorí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó tọ́jú iná lọ. Òfin àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, tí NIPOST, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà, wà nínú rẹ̀, tẹ̀lé ìpín kan náà: ó fàyè gba bátìrì tó wà nínú ẹ̀rọ lábẹ́ àwọn àdéhùn kan, ṣùgbọ́n kò gba èyí tó dá wà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lè gba fóònù lọ́wọ́ yín kí wọ́n sì dá power bank padà. Àwọn bàálù akẹ́rù ṣì lè gbé UN3480, ṣùgbọ́n iná inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, torí bí iná inú rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ooru tó lè tú jáde ṣe kéré tó.

Wh tí wọ́n ń sọ yìí, ìyẹn watt-hour, kì í ṣe nọ́mbà ńlá tó wà lára power bank; mAh nìyẹn. Ẹ fi mAh sọ 3.7 di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. 20,000 mAh á fún yín ní 74 Wh, ó kọjá. 30,000 jẹ́ 111 Wh, ẹ ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù. Emirates kò tilẹ̀ gbà á. Èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí jẹ́ 185 Wh, ó ti kọjá 160 tó jẹ́ òpin, kò gbọdọ̀ bá èrò wọ bàálù rárá. Ọ̀pọ̀ irú èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú kò sún mọ́ 50,000 rárá. Irọ́ ni wọ́n kọ sí i lára kó lè tà. Irọ́ yẹn náà ni wọ́n á fi gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú.

Síbẹ̀, n kò bá ẹni tó rò pé ọ̀daràn ni wọ́n fi òun pè ní káńtà kúríà wí. Àwa náà ní ìtàn tiwa. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986 ni àdó olóró inú àpò ìwé pa Dele Giwa, olóòtú àgbà Newswatch, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ìdí káńtà kúríà kọ́ ni ẹrù yẹn gbà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n mú un wá. Àmọ́ láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹrù tí wọ́n dì mọ́ra ti ń já àwọn tó dàgbà láyà. NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti egbòogi olóró, náà sì ń rí i nínú ẹrù kúríà ní Èkó lemọ́lemọ́. Ẹni tí wọ́n bá ní kó tú ẹrù rẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ á lọ.

Ohun tó sì ń tẹ̀ lé “òfin ni” ló ń bà mí lẹ́rù ju òfin lọ. Àwọn kan á gbé power bank náà padà sílé, wọ́n á wé e sínú aṣọ, wọ́n á gbé e lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn, wọ́n á sì kọ “aṣọ” sórí ìwé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1996, bàálù ValuJet kan já sí irà Everglades ní Florida, èèyàn 110 ló kú. Àwọn ẹ̀rọ tó ń pèsè ọ́síjìn wà nínú páálí ní ikùn rẹ̀, ìwé ẹrù sì sọ pé òfìfo ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe òfìfo. Èrò tèmi ni pé ìṣẹ́jú kan tí òṣìṣẹ́ káńtà bá fi ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó lè pa iná ní ikùn bàálù yóò dí ọ̀nà irọ́ yìí ju kí wọ́n kàn lẹ àkọsílẹ̀ Òyìnbó mọ́ ògiri lọ.

Ọ̀nà ilẹ̀ ńkọ́? Ní gáréèjì Ìkòròdú, ẹni tó fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ kàn máa ń ṣe wéébìlì ni: ó fún awakọ̀ lówó, ó gba nọ́mbà fóònù rẹ̀ àti ti ọkọ̀, ó pe ẹni tó ń dúró dè é. Wọn kì í sábà bi í léèrè ohun tó wà nínú ọ̀rá. Mi ò rò pé ó yẹ ká mú òfin bàálù wá síbẹ̀. Bí èéfín bá rú ní Ìtóìkín, awakọ̀ á dúró, èrò á bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dáńfó ló ní ẹ́ńjìnnì lábẹ́ àga iwájú, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń ju ọ̀rá wéébìlì sí, ooru kì í sì í bá bátìrì rẹ́. Bí èmi bá fẹ́ fi power bank ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́, màá lò ó títí iná inú rẹ̀ á fi kù díẹ̀, màá fi téèpù lẹ ẹnu rẹ̀ kí irin má bàa kàn án, màá sì sọ fún awakọ̀ pé ẹ̀yìn ni kó gbé e sí. Èyí tó bá ti wú, mi ò ní fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.