Kòkòrò Abẹ́ Òkúta àti Ìwọ̀ Apẹja

Ẹni tí ó bá ti Tchaourou kọrí sí ìlà-oòrùn títí ó fi dé odò Ọ̀pàrà, tí ó pààlà fún wa ní Benin pẹ̀lú Nàìjíríà, tàbí tí ó gba ọ̀nà Bétérou lọ bá odò Ouémé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àpáta ti yọrí tí omi sì ń fi ariwo gba àárín wọn kọjá, bí ó bá yí òkúta kan padà, yóò rí àwọn ìdin kéékèèké tí wọ́n ta àwọ̀n tín-ín-rín dojú kọ ìṣàn, tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ tí omi ń gbé bọ̀. Kádìsì ni orúkọ tí ayé ń pè wọ́n. Òwú bíi ti ṣẹ́dà ń ti ẹnu wọn jáde, àwọn kan a fi ta àwọ̀n, àwọn mìíràn a fi lẹ iyanrìn àti ẹ̀rún igi pọ̀ di ilé tí wọ́n ń wọ́ kiri. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a hu ìyẹ́, wọn a yọ sójú omi, wọn a fò lọ. Ẹja, ọmọ ibú tí kì í pajú dé, a sì ti lúgọ dè wọ́n.

Ní 1974, nígbà tí a ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Dahomey, orílẹ̀-èdè méje dìde sí àrùn tí ń fọ́ni lójú létí odò, hẹlikọ́pítà sì ń da oògùn sínú omi láti pa ìdin kòkòrò dúdú tí ń tan àrùn náà. Iṣẹ́ yìí kò parí títí di 2002. Àwọn onímọ̀ ń ka ẹja, wọ́n sì ń ka kádìsì àti àwọn kòkòrò omi yòókù, nítorí oògùn tí ó pa ọ̀tá lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹja, àti pé kádìsì mìíràn gan-an a máa jẹ ìdin kòkòrò dúdú náà. Mo ka ìṣọ́ra yẹn sí ọgbọ́n tí ó tó yangàn.

Àwọn apẹja tráọ̀tì ló wá sọ wíwo kádìsì di iṣẹ́ ọnà. Ẹja omi tútù ni tráọ̀tì, kò sí nínú odò wa, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú odò àwọn òkè ilẹ̀ Kenya láti 1905. Dípò ekòló, wọn a pa ìda sára òwú, wọn a fi ìka lọ́ irun ehoro mọ́ ọn, wọn a wé e mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi dà bí ikùn kòkòrò. Ní 1957, Al Troth ará Amẹ́ríkà fi irun àgbọ̀nrín ńlá ṣe ìyẹ́ fún kádìsì àfọwọ́ṣe tí ó léfòó. Gary LaFontaine ní tirẹ̀ kọ ìwé rẹ̀ lórí kádìsì ní 1981, ó sì lo òwú dídán láti fara wé afẹ́fẹ́ tí ń kọ mànà lára kòkòrò tí ń gòkè bọ̀ lójú omi.

Àwọ̀ irun tí wọ́n ń wé mọ́ ìwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìyẹ́ ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ẹja wà, ikùn ló ń rí. Kádìsì kan wà tí ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ewé gbígbẹ, tí àwọ̀ ikùn rẹ̀ sì dà bí ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù. Èyí tí ń jáde nígbà ìkórè ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ikùn rẹ̀ dà bí ọsàn pípọ́n. Nítorí náà, ẹ yí ikùn kòkòrò náà sókè, kí ẹ sì rẹ irun náà sómi kí ẹ tó fi wé e, nítorí bí aláró ti mọ̀ pé aṣọ tútù dúdú ju gbígbẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni irun tí ó bá kòkòrò mu lórí tábìlì yóò ti ṣú jù ú lọ bí ó bá kan omi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìtóbi ni kí ó ṣáájú àwọ̀: ẹja a máa gbójú fo àwọ̀ tí ó yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò tí ó fi ìlọ́po méjì tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, yóò wò ó, yóò sì padà sẹ́yìn.