"Ilé Yìí Tutù": Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀rinrin Nílé Wa ní Lẹ́kí àti Ajah

Ọdún kìíní tí mo fẹ̀yìntì, tí a ń wá ilé kiri ní apá Ajah, ajẹ́ńtì kan mú èmi àti ìyàwó mi wọ ilé ìsàlẹ̀ kan. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Dádì, Mọ́mì, ẹ wò ó, ilé yìí tutù gan-an ni o." Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni, ọyẹ́ ń fẹ́, oòrùn ń ta lóde. Lóòótọ́, ara tù wá bí a ṣe wọlé. Mo sanwó. Kí oṣù Òkúdu tó parí, mo ti mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Èmi ni mi ò béèrè irú ìtutù tí ó ń wí.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ á rántí pé ọ̀rọ̀-ìṣe yìí wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn láti fi dán yín wò. Omi inú fíríìjì tutù. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tutù. Ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já tutù, ẹja tí a kò tíì yan, tútù ni, ẹni tí kì í tètè bínú náà, a ní ó tutù. Àpọ́nlé la fi ń yà wọ́n: tutù nini ni ti òtútù, tutù yọ̀yọ̀ ni ti ewé. Aṣọ tí òjò pa, a ó ní ó rin gbindin. Inú rin yìí ni ọ̀rinrin ti wá. Èdè wa kò jẹ̀bi rárá, àmọ́ tó bá kan ọ̀rọ̀ ilé, ó yẹ ká máa ya òtútù sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rinrin, nítorí ohun tí a fi ń lé ooru jáde lè jẹ́ ohun tí ń fa omi wọlé.

Kì í ṣe ògiri ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Kásẹ́ẹ̀tì ni. Láàárín ọdún 1978 sí 1985 mo gba ohùn àwọn àgbà Ìlàjẹ sílẹ̀ fún iṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélógójì. Mo kó wọn sínú páálí, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù tó fara ti ògiri ìta. Ní ọdún kejì tí a débẹ̀, mo ṣí páálí náà. Ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Èébu funfun ti bo àwọn kásẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, téèpù inú wọn ti lẹ̀ mọ́ra. Mẹ́tàdínlógún ló bàjẹ́ pátápátá. Àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú wọn ti kú tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí a ń gbé. Àárín òkun àti ọ̀sà ni Lẹ́kí wà, àbàtà ló sì pọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó máa fi yanrìn dí i. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ sí Lekki Conservation Centre tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Orí afárá pákó lèèyàn ń rìn níbẹ̀, ẹrẹ̀ àti omi wà lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1990 kan náà ni ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò. Lára àwíjàre wọn ni pé omi lè bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, yanrìn dé, ilé olówó ńlá tẹ̀ lé e. Àwọn ará Màrókò kó lọ o, àmọ́ omi kò bá wọn lọ.

Omi náà ṣì wà lábẹ́ ilé wa, kò sì jìn, pàápàá nígbà òjò. Búlọ́ọ̀kù ní ihò wínníwínní, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo gòkè ni ó ṣe ń fa omi láti ìpìlẹ̀. Ìdí nìyí tí bíríkìlà tó mọṣẹ́ fi ń tẹ́ ọ̀rá tó nípọn kí ó tó da kọnkéré ilẹ̀, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní DPC. Ẹni tó kọ́ ilé tí mo ń wí yìí, bóyá ó gbàgbé ni o, bóyá owó ló fẹ́ ṣọ́. Tí yanrìn tí wọ́n fi bu búlọ́ọ̀kù bá tún wá láti etí òkun, tí wọn ò fọ̀ ọ́, iyọ̀ inú rẹ̀ á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Ọ̀rinrin tó wá láti ìsàlẹ̀ kì í fara pamọ́. Láti ilẹ̀ títí dé bíi mítà kan, ọ̀dà á máa wú, á máa ṣí, ìyẹ̀fun funfun á hu lára ògiri. Iyọ̀ ni ìyẹ̀fun yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé ń ṣe ni pé wọ́n á lẹ táìsì mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri kí ayálégbé má rí i. Omi tí kò ríbi gbẹ jáde á tún gòkè sí i, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lókè táìsì. Tí ẹ bá ń wá ilé, tí ẹ rí táìsì tó dé àyà yín nínú yàrá tí kì í ṣe ilé ìwẹ̀, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa. Kí ẹ sì lọ wo ilé ní oṣù Òkúdu tàbí Ọ̀wàrà, ẹ má lọ nígbà ọyẹ́ bíi tèmi.

Èyí tó ń jò láti òkè rọrùn láti mọ̀: àmì pupa rúsúrúsú lára síléènì, tó ń fẹ̀ sí i bí òjò bá rọ̀. Ẹ pe ẹni tó ń ṣe òrùlé tàbí púḿbà.

Ẹ̀kẹta, èyí tó wá láti inú afẹ́fẹ́, ni a kì í fura sí, òun ló sì ba kásẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ jù. Afẹ́fẹ́ tó gbóná ń gbé omi ju èyí tó tutù lọ. Ní 30°C, afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga lè gbé bíi gíráàmù 30 omi. Ní 20°C, bíi 17 péré ló lè gbé. Èyí tó kù gbọ́dọ̀ wá ibi kan bà lé, bíi ìrì. Nígbà òjò níbí, afẹ́fẹ́ òde lè wà ní 28°C, kí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohunkóhun tó bá tutù ju bíi 25°C lọ, irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ á làágùn sí i lára.

Ó yá, ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe. A tan AC sí 16 ní gbogbo òru, ògiri tutù nini. Ní agogo márùn-ún ìdájí, NEPA mú iná lọ. (Mo mọ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ padà. NEPA náà ni.) Ooru mú wa, a ṣí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ ìdájí, tí ọ̀rinrin rẹ̀ pọ̀ jù lójúmọ́, rọ́ wọlé bá ògiri tútù. Táìsì ń yọ̀, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù rin, a ní "ilé yìí ń làágùn." Àwa fúnra wa la fi omi sí i.

AC kì í ṣe ọ̀tá o. Omi tó ń kán láti ẹnu páìpù rẹ̀ lóde, inú yàrá yín ló ti fà á jáde. Ẹ gbé e sí 25 tàbí 26, tàbí kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n ya ẹ̀kán omi sí lára rìmóòtù. AC tó tóbi jù fún yàrá kékeré náà kò dáa, á ti mú yàrá tutù, á ti sinmi, kí ó tó ríbi fa omi kankan. Tí iná bá lọ ní ìdájí, ẹ fara dà á díẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé lọ́sàn-án, láàárín agogo méjìlá sí mẹ́rin, tí òjò kò bá rọ̀. Ẹ má sá aṣọ sínú yàrá, ẹ dé ìkòkò lórí iná, kí ẹ fi wọ́dúróòbù jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Tí ẹ kò bá mọ ibi tí omi ti ń wá, ẹ gé fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ fi sẹ̀lótéèpù dí etí rẹ̀ yípo. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ẹ wò ó. Tí ojú rẹ̀ bá rin, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá rin, inú ògiri ni, ọ̀rọ̀ ti di ti onílé nìyẹn.

Èébu ara ògiri, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, á kàn fọ́n ká ni. Ẹ bo imú, ẹ fi omi ọṣẹ nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Bílíìṣì bíi Hypo ṣiṣẹ́ lórí táìsì, àmọ́ ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá láéláé, èéfín tó ń jáde lè pani. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni gbogbo rẹ̀. Ní 2009 Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí ọ̀rinrin àti èébu inú ilé: ikọ́ àti ikọ́-fée ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ọmọ ọdún méjì kan kú ní Rochdale ní 2020 nítorí èébu inú ilé, wọ́n ṣòfin ní 2023 tó ń fi dandan mú àwọn onílé ìjọba láti tètè tún un ṣe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tó wà ní Peckham, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Àwa níbí, a ṣì ń bẹ onílé.

A ti kó lọ sí ilé òkè báyìí, nítòsí Abraham Adésànyà. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlélógún tó kù wà nínú ike tó dé pinpin, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun. Mo fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin sínú rẹ̀: 54 ló kà láàárọ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ kó kọjá 60. Ọmọ mi ń bá mi gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a gbọ́ ìyá àgbà kan tó ń ka orúkọ ẹja fún mi. Ó ka bíi ogún. Òjò ń rọ̀ lórí páànù lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mẹ́ta tó kẹ́yìn kò yé wa. Ẹni tó bá gbọ́ Ìlàjẹ dáadáa nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbọ́ ọ.