Kí ló ń pa ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì?

Ní Jerome Avenue, níbi tó ti gba Fordham kọjá ní Bronx, ọkọ̀ ojú irin nọ́ńbà 4 ń sáré lórí òpó irin lókè, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wà nísàlẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́: lóṣù kẹta ọdún 2018, àwọn aṣòfin ìlú New York fàyè gba ilé gbígbé gíga ní apá tó pọ̀ nínú títì náà. Bí awakọ̀ táksí bá ní ẹ́ńjìnnì òun ń dún, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á ní kó fi mọ́tò sílẹ̀ di àárọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì tútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni ṣéènì tó ti gbó máa ń dún kẹrẹkẹrẹ. Tí ọ́ìlì bá ti gòkè, ó dákẹ́.

Ṣéènì yìí ló so kráńkì, tí písítìnì ń yí, mọ́ káàmù, tó ń ṣí fáàfù. Kráńkì á yí lẹ́ẹ̀mejì kí káàmù tó yí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà eyín sípírókẹ́ẹ̀tì òkè, àgbá eléyín tó gbé ṣéènì, jẹ́ ìlọ́po méjì tìsàlẹ̀. Bí ṣéènì bá fo eyín kan, mọ́tò á máa gbọ̀n, iná á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà mọ́tò lè kọ kóòdù P0016. Bó bá já, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní písítìnì á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀. Owó ẹ́ńjìnnì míì lẹ ń wá nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ní ṣéènì. Toyota Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, onísílíńdà mẹ́rin, ṣéènì ló ní. V6 rẹ̀, bẹ́líìtì ni. Ẹ béèrè èyí tó wà nínú tiyín kí ẹ tó sanwó.

Wọ́n á ní ṣéènì kì í ní ọjọ́ pípàrọ̀. Òótọ́ ni, bí ọ́ìlì bá ń pé tó sì mọ́. Àmọ́ ṣéènì ń gbó. Irin rẹ̀ kì í nà bí rọ́bà. Àwọn píìnì tó so ó pọ̀ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, gbogbo díẹ̀díẹ̀ yẹn á sì para pọ̀ di gígùn. Tẹ́ńṣọ́nà tó yẹ kó fà á le, agbára ọ́ìlì ló fi ń ti gáìdì oníke mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle, onílítà 2.4, pàápàá ti 2007 sí 2009, fi léwu: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ ọ́ìlì, Toyota fúnra rẹ̀ sì fi kún wáráńtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí kì í fa gééjì ọ́ìlì yọ wò kò ní mọ̀.

Ẹ tún wo ìrìn Fordham: gó-síló, àdúró de èrò, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, máìlì ò sì lọ sókè. Bí mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá dé èbúté Tin Can ní Èkó, máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ò sọ wákàtí tí ṣéènì fi yí.

Bó bá di pípàrọ̀, gbogbo rẹ̀ ni: ṣéènì, sípírókẹ́ẹ̀tì, gáìdì, tẹ́ńṣọ́nà. Bí ti ọ̀kadà ni; eyín tó ti jẹ bá ṣéènì àtijọ́ mu á tètè ba tuntun jẹ́. Písítìnì sílíńdà kìíní á wà lókè, àwọn ojú ṣéènì tó ní àwọ̀ á bọ́ sí àmì ara sípírókẹ́ẹ̀tì. Lórí ẹ́ńjìnnì Camry 2.4 yẹn, wọ́n á fi ìkọ́ di tẹ́ńṣọ́nà mú kí wọ́n tó dè é. Lẹ́yìn náà wọ́n á yí kráńkì padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ìkọ́ náà tú. Ọmọọṣẹ́ tó bá gbàgbé èyí, ṣéènì dẹ̀ ló fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi yí kráńkì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má tíì fi kọ́kọ́rọ́ ṣáná. Bó bá há, ẹ má fi agbára sí i. Àmì sípírókẹ́ẹ̀tì á padà bára mu, àmọ́ àwọn ojú aláwọ̀ yẹn á ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti tú iṣẹ́ tó dára nítorí èyí.

Ṣéènì tòkunbọ̀ ń bẹ ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Èmi ò ní rà á. Owó títú ẹ́ńjìnnì lówó gidi nínú iṣẹ́ yìí, yálà ní Bronx tàbí ní Mushin.