Bí Ọkàn Bá Lọ Síbòmíràn, Ìrora A Máa Dín Kù



Ṣé ẹ ti rí ọmọ tí iná jó rí? Ṣé ẹ ti gbọ́ igbe rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọ ojú egbò rẹ̀? Bí ó bá ti rí nọ́ọ̀sì tí ń bọ̀, ẹkún dé. Ọmọ ń sunkún, ìyá ń sunkún. Nígbà tí ó bá yá, ìyá náà lè sọ pé òun kò lọ mọ́.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Egbò iná tí a kò tọ́jú máa ń kẹ̀. Ó lè mú kí apá tàbí ẹsẹ̀ ká kò, kí ó má ṣe é nà mọ́. Ó tilẹ̀ lè pa ènìyàn. Nítorí náà, ìrora kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwọn onímọ̀ kan ṣe sí i ní Amẹ́ríkà, kí á sì mọ ohun tí àwa náà lè rí kọ́ níbẹ̀.

Ayé inú ẹ̀rọ

Ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Seattle. Ní ilé ìwòsàn Harborview tí ó wà níbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú àwọn tí iná jó. Ní ọdún 1996, Hunter Hoffman àti David Patterson bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan. Onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ni àwọn méjèèjì.

Ẹ̀rọ kan ni wọ́n lò. Ó dà bí awò ńlá tí a ń dè mọ́ ojú. Ẹni tí ó bá dè é kò ní rí yàrá tí ó wà mọ́. Ayé mìíràn ni yóò máa rí. Bí ó bá yíjú sọ́tùn-ún, yóò rí apá ọ̀tún ayé náà. Bí ó bá gbójú sókè, yóò rí ojú ọ̀run rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní virtual reality.

Ní ọdún 2000, wọ́n kọ ìwé nípa ọmọkùnrin méjì tí iná jó. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 16, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 17. Nígbà tí wọ́n wà nínú ayé ẹ̀rọ yìí, ìrora wọn kéré sí ti ìgbà tí wọ́n ń ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n lásán.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ayé kan tí wọ́n pè ní SnowWorld. Yìnyín funfun ni ó kún ibẹ̀. Aláìsàn a máa ju òkò yìnyín lu àwọn ère yìnyín, nígbà tí nọ́ọ̀sì ń fọ egbò rẹ̀. Iná ni ó jó o, òtútù ni ó ń wò.

Kí ni ó fà á?

Rántí ọjọ́ tí o lé ọ̀yà nínú oko. Igi gé ọ lẹ́sẹ̀, ìwọ kò mọ̀. Ìgbà tí o dúró tí o rí ẹ̀jẹ̀ ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́. Àwọn àgbà sọ pé bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ rí. Bí ohun mìíràn bá gbà á lọ́kàn, àyè tí ó kù fún ìrora kò pọ̀.

Kì í ṣe pé aláìsàn ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ní ọdún 2004, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ àwọn ènìyàn tí ara wọn le. Wọ́n fi ohun gbígbóná kàn wọ́n lára díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà nínú SnowWorld, àwọn ibi tí ń gba ìrora nínú ọpọlọ wọn kò ṣiṣẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rù náà ń kọ́? Ní ọdún 1995, Barbara Rothbaum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ẹ̀rọ yìí tọ́jú àwọn tí ń bẹ̀rù ibi gíga. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gòkè nínú ẹ̀rọ, títí ẹ̀rù náà fi dín kù. Ní ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan ní àṣẹ fún àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn fún ìgbà pípẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kì í wo egbò sàn. Kò gba ipò oògùn. Òòyì a sì máa kọ́ àwọn mìíràn tí ó bá lò ó.

Kí ni àwa lè ṣe?

Àwa kò ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n a ní ẹnu, a sì ní ìtàn.

1. Bí iná bá jó ènìyàn, ẹ da omi tútù tí ó mọ́ sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo, ẹyin tàbí ẹrẹ̀ sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.
2. Kí wọ́n tó fọ egbò, ẹ béèrè oògùn ìrora lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.
3. Ẹ má purọ́ fún ọmọ pé kò ní dùn ún. Ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ dẹ́rù bà á.
4. Ẹ pa àlọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí ó gbe orin. Ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìjàpá.
5. Ẹ kọ́ ọ láti fa èémí wọlé, kí ó sì tú u jáde díẹ̀díẹ̀.

Ìyá tí ń pa àlọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìtọ́jú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìrora dá yín padà lọ́nà ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí á jíròrò

Kí ni ẹ máa ń fi sí ojú iná ní abúlé yín? Àlọ́ wo ni ọmọ yín fẹ́ràn jù?